Ikọ́ ẹ̀fé ọmọdé: ta ló gbìn ín, ta ló jí i?

Bí ọyẹ́ bá ti dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin wa níbí, tí eruku gbòde, àwọn ìyá á máa ní, "Ọyẹ́ ló kó ikọ́ ẹ̀fé bá ọmọ mi." Ọyẹ́ kọ́. Ọyẹ́ kàn jí ohun tó ti ń sùn ni. Ẹni tó gbìn ín ti lọ tipẹ́.

Ikọ́ ẹ̀fé ni àwọn dókítà wa ń pè ní asthme. Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró á wú, á fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i, àyà ọmọ á wá máa dún bíi fèrè.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 tí oyún dúró ni ẹ̀dọ̀fóró ti ń hù, kò sì tíì parí lọ́jọ́ ìkómọjáde. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i, pàápàá láàárín ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́. Amọ̀ tútù ni nígbà yẹn: ìka tó bá kàn án, ojú ìka náà ò ní kúrò lára ìkòkò.

Nínú irú ìka bẹ́ẹ̀, sìgá aláboyún ni ìwé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń mu sìgá ò wọ́pọ̀ níbí. Tiwa ni igi ìdáná. Ẹ wo ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, tọmọ tọmọ lẹ́yìn. Ẹ fi èéfín kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, tí àwọn zémì, ọ̀kadà wa, ń tú sílẹ̀ ní Wàndó, nínú Àjàṣẹ́ níbí, kún un. Ní Kintampo, lórílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n tẹ̀lé àwọn aláboyún tó ń fi igi dáná. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn fa èéfín jù, ẹ̀dọ̀fóró wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa tó ti ẹgbẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò ju ọmọ oṣù kan lọ.

Ọmọ tí a bí kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37 náà wà nínú ewu yìí. Ọmọ tí ikọ́ ẹ̀fé wà nínú ìdílé rẹ̀ ò sì gbẹ́yìn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti ilé màlúù. Ní Jámánì àti Switzerland, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ wọ ilé ẹran láti kékeré kì í sábà ní ikọ́ ẹ̀fé tó ọmọ abúlé kan náà tí kò gbé oko. Ara tó tètè bá oríṣiríṣi kòkòrò pàdé kì í gbaná jẹ nítorí eruku lásán. Kẹ́nikẹ́ni má torí èyí gbé ọmọ sídìí ààrò o. Èéfín kì í ṣe màlúù.

Gbogbo àyà tó ń dún kọ́ ni ikọ́ ẹ̀fé. Ìwádìí kan ní Tucson, l'Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1995, rí i pé nínú àwọn ọmọ tí àyà wọn dún bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 3, bíi 6 nínú 10 ni tiwọn ti lọ nígbà tí wọ́n pé ọdún 6. Nítorí náà, bí dókítà bá gbọ́ fèrè láyà ọmọ ọdún kan tí kò tíì pè é ní asthme, kì í ṣe pé kò mọṣẹ́.