Ìdókòwò láti òkè òkun: owó tó wá kọ́lé àti owó tó wá wọ̀

Bí ìròyìn bá ní àwọn olówó òkè òkun ti kó bílíọ̀nù dọ́là wọ Nàìjíríà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni iléeṣẹ́ tuntun àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni NBS, àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò, pín owó náà sí, ìwà wọn kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni ìdókòwò tààrà, èyí tí ìwé ìròyìn ń kọ ní FDI. Ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àjòjì yìí, kí ohùn rẹ̀ lè ta létí àwọn tó ń darí rẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2001 tí ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM: mílíọ̀nù 285 dọ́là ni MTN láti Gúúsù Áfíríkà san fún tirẹ̀, wọn ò sì tíì ri òpó kan ṣoṣo mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ri òpó mọ́lẹ̀ kò lè ká a bí ẹní lọ́jọ́ tí ọjà ò bá tà.

Ẹni tó lè ká ẹní tirẹ̀ ni oníkejì. Ìpín ìdókòwò díẹ̀, bọ́ǹdì (ìwé ẹ̀yáwó tó ń mú èlé wá) àti ìwé gbèsè ìjọba ló ń rà. Èlé ló bá wá. Bí èlé bá gbówó lórí lọ́dọ̀ wa, a ya wọlé. Bí ti Amẹ́ríkà bá sàn jù, tàbí ẹ̀rù bá bà á pé náírà fẹ́ já, a ta gbogbo rẹ̀, a gba dọ́là rẹ̀, ó di ọ̀nà. Ìgbà tí gbogbo wọn bá jọ ń wá dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà ni náírà ń já lóòótọ́, ẹni tí kò sì mọ bọ́ǹdì rí á gbọ́ ọ lára nígbà tó bá fẹ́ ra ọjà tó ti òkè òkun wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, JPMorgan, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ń yọ bọ́ǹdì Nàìjíríà kúrò nínú àkójọ tí àwọn olówó àgbáyé ń tẹ̀ lé, torí pé àtirí dọ́là rà ti dogun.

Ìkẹta, ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbèsè ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́.

Ìdókòwò tààrà náà kì í ṣe ìtọrẹ àánú o. Èrè rẹ̀ ń padà sílé, dọ́là náà ló sì fi ń kó o lọ. Òfin ọdún 1995 gbà kí àjòjì nìkan ni iléeṣẹ́ tán pátápátá, yàtọ̀ sí àwọn òwò bíi ti ohun ìjà. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni bóyá owó rẹ̀ á lè jáde. Ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní CCI, tí báńkì ń fún un nígbà tó kówó wọlé, ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Lórí rẹ̀, pé wọn ò gbà á bó ṣe tọ́, ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe ní kí MTN dá bílíọ̀nù 8.1 dọ́là padà lọ́dún 2018. Kí ọdún tó parí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 53 dọ́là ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ń wòran.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni NBS ń gbé ìṣirò rẹ̀ jáde. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìdókòwò tààrà ló sábà máa ń kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.