Bí àwọn dókítà Ìlú Ọba ṣe ń yí padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, General Medical Council, àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ ní Ìlú Ọba, kéde pé obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ láàárín àwọn dókítà wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n fi ju ọkùnrin lọ kò pé 300.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bọ̀. Títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ ló ní iye obìnrin tí wọn kì í gbà kọjá, bó ti wù kí ọmọ náà mọ̀wé tó. Òfin ọdún 1975 ló fòpin sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ní kékeré lè lò ó fún ogójì ọdún, nítorí náà, ó dìgbà tí àwọn àgbà ọkùnrin ayé ìjọhun bá fẹ̀yìn tì kí ìṣirò tó yí. Nínú iṣẹ́ abẹ, tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gùn, ọkùnrin ṣì pọ̀ jù.

Ìyípadà ibi tí dókítà ti ń wá kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ dókítà. Aláìsàn ò sì lè dúró dè é. Ẹni tó ti kàwé tán níbòmíràn ni wọ́n ń wá. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ India àti Pakistan ló di àlàfo NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ wọn sì bá ara wọn níbi táwọn dókítà onílé ò fẹ́: ìlú awakùsà ní Wales, wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó.

Lónìí, ìdánwò PLAB, tí General Medical Council ń ṣe fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé. Apá kìíní ṣeé ṣe ní Èkó: ìbéèrè 180, wákàtí mẹ́ta. Manchester nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìkejì. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu yàrá, ìṣẹ́jú mẹ́jọ pẹ̀lú òṣèré tó ń ṣe bí aláìsàn, ó di yàrá tó kàn.

Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi Nàìjíríà sínú orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá. Ìlànà Ìlú Ọba sì sọ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ má ṣe wá ṣa dókítà níbẹ̀. Kò de ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wáṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dunni: owó ìlú la fi kọ́ wọn n'Ìbàdàn àti n'Ifẹ̀, àwọn náà sì ń tu owó ìdánwò àti owó ọkọ̀ òfuurufú jọ láti fi jápa.