Telematics: ẹ̀rọ tí mọ́tò tuntun fi ń ròyìn awakọ̀

Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí mọ́tò àtijọ́ àti tuntun, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí, bí ẹni pé àtijọ́ kò ní in rárá. Ó ní in. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí mọ́tò tuntun ní ihò àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Ẹ na ọwọ́ sí abẹ́ sítíárìn, ẹ ó kàn án: ihò pẹlẹbẹ kan tó ní ojú 16. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì ń ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ kó lè mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan púpọ̀, àmọ́ kò lẹ́nu. Àfi ẹni tó bá wá bá a nínú ọkọ̀ ló lè gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Telematics ni ẹnu tí wọ́n wá fún un. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n ti dè é mọ́ ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́, ó ní síìmù àti GPS tirẹ̀, ó sì so mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Kò nílò fóònù yín. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá nẹ́tíwọọ̀kì, tó ń ròyìn fún ẹni tó ṣe ọkọ̀: ibi tí ẹ wà, bí ẹ ṣe ń sáré tó, ìgbà tí ẹ tẹ bírèékì lójijì.

Ire wà nínú rẹ̀, mi ò ní bò ó. Ní Yúróòpù, láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2018 ni òfin ti ní kí àwọn irú mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní eCall, tó ń pe 112 fúnra rẹ̀ bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, tó sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹni tó dákú sínú ọkọ̀ lóru kò lè tẹ fóònù. Òfin kan náà ló sọ pé eCall kò gbọdọ̀ máa tọpa ọkọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní tìtorí ààbò mi lòun ṣe ń kọ gbogbo ìrìn mi sílẹ̀, mi ò gbà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan General Motors pé ó ń gba ìròyìn ibi tí ọkọ̀ àwọn èèyàn wà, nígbà mìíràn ní ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 3, ó sì ń tà á pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò. Bírèékì òjijì àti ìrìn òru wà lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Ẹ wá wò ó: ọmọdé já sójú títì, ẹ tẹ bírèékì, ọmọ yè. Bírèékì òjijì ni àpótí yẹn kọ sílẹ̀. Kò kọ ọmọ náà.

Ṣé ká wá padà sídìí ọkọ̀ tó ti gbó ni? Rárá o. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ jù kò ní ESC, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà bí ẹ bá yà lójijì, ẹ̀mí sì ju àṣírí lọ. Ti àárín ló wù mí: èyí tó ti ní ESC, tí kò tíì ní síìmù, tàbí tí síìmù rẹ̀ jẹ́ ti 3G. Nígbà tí wọ́n pa 3G ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, telematics inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì àti bírèékì wọn kò yẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan ní síìmù, ẹ gbójú sókè síbi iná inú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì SOS, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ní in. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú áàpù tirẹ̀ lójú yín. Bí kò bá yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa rí ibi tí ẹ ń gbé e sí lálaalẹ́, kó sì lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti orí fóònù rẹ̀.