Kí ni wọ́n ń pè ní «pâte tendre»?

Bí ẹ bá ń wo àwo oúnjẹ àwọn ọba Faransé àtijọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí lára ìwé pélébé tó wà níwájú wọn: pâte tendre. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni amọ̀ pípò tó rọ̀. Àwo náà kò rọ̀ lọ́wọ́ o. Iná ni wọ́n ń bá wí: iná tí wọ́n fi ń sun ún kò gbóná tó èyí tí wọ́n fi ń sun tánganran líle.

Tánganran líle, irú ti Ṣáínà àti ti Meissen ní Jámánì, ń fẹ́ káólínì, ìyẹn amọ̀ funfun bí efun. Wọn kò rí i nítòsí Limoges ní ilẹ̀ Faransé títí di 1768. Kó tó di ìgbà náà, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ilé iṣẹ́ tánganran Vincennes nítòsí Paris, tí wọ́n kó lọ sí Sèvres ní 1756, ń ṣe ni pé wọ́n á sun iyanrìn pọ̀ mọ́ iyọ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn títí yóò fi dà bíi gíláàsì, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì fi amọ̀ díẹ̀ pò ó. Kì í fà bí amọ̀ gidi, nítorí náà ó ṣòro láti fi mọ àwo. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ́ nínú iléru.

Àwọ̀ rẹ̀ ni èrè gbogbo wàhálà yẹn. Òjé wà nínú ohun dídán tí wọ́n fi bo ara àwo náà. Bí wọ́n bá kun ún tán tí wọ́n dá a padà sínú iná, ohun dídán yẹn á rọ̀, ọ̀dà á sì rì wọ inú rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí tánganran líle tó ní irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín 1753 sí 1755 ni wọ́n fi búlúù ojú ọ̀run, bleu céleste, ṣe àwo oúnjẹ fún Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwo pẹrẹsẹ nìkan kọ́ ló máa ń wà nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Garawa kékeré tí ìgò wáìnì ń tutù sí wà níbẹ̀, àti abọ́ tí ẹnu rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ife kọ́ sí létí kí orí rẹ̀ lè wà nínú omi yìnyín.

Nígbà tí Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, ránṣẹ́ sí Sèvres ní 1776 pé òun fẹ́ àwo fún 60 ènìyàn, ibẹ̀ ti mọ tánganran líle ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n búlúù ló fẹ́, búlúù yẹn kò sì gbà lára tánganran líle. Amọ̀ rírọ̀ ni wọ́n padà sí, àwo tó lé ní 700, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ lásán lè ha á.