Ṣé wọ́n wò ó lóòótọ́, àbí fóònù kàn ń dá sọ̀rọ̀?

Àwa tá a máa ń ṣe fídíò ìlera fáwọn aláìsàn l'Ákùúrẹ́ níbí, iye èèyàn tó wò ó la kọ́kọ́ máa ń sáré wò, tó bá ti pọ̀ báyìí inú wa á dùn. Nọ́ńbà yẹn máa ń tan èèyàn o. Lórí Facebook, ẹni tó bá wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ti wọnú ìṣirò, nọ́ọ̀sì inú fídíò ò sì tíì kí èèyàn tán. Ti WhatsApp, tíkì búlúù kàn ń sọ pé wọ́n ṣí mẹ́sééjì ni, bóyá wọ́n tẹ fídíò, kò sọ. Fóònù bàbá nìkan ló sì lè ní dátà nínú ilé, tí ìyá, ìyá àgbà àtàwọn ọmọ á rọ̀gbà yí i ká, ẹyọ kan náà ni wọ́n máa kà.

Ibi tí wọ́n ti já a sílẹ̀ lèmi máa ń wò. YouTube máa ń ya ìlà tó ń fi hàn ibi táwọn tó ń wò ó ti ń dín kù fún ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é ní Yorùbá, Haúsá, Ebira àti Píjìn, ẹ gbé wọn síbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ lè fi ìlà wọn wéra. Tí gbogbo wọn bá já síbì kan náà, ibẹ̀ ló sú èèyàn, ẹ gé e kúrú. Tó bá jẹ́ ti Haúsá nìkan, ẹ gbé e lọ báwọn ará Ṣáṣà, àdúgbò àwọn Haúsá l'Ákùúrẹ́ níbí, kí wọ́n gbọ́ ọ lójú yín.

Bóyá ó yé wọn ńkọ́? Ẹ má bi wọ́n pé "ṣó yé yín?" jàre, ta ló fẹ́ wo ojú nọ́ọ̀sì kó ní kò yé òun? Fídíò bí wọ́n ṣe ń po ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé ike àti ORS onílítà kan síwájú ìyá ọmọ, ẹ ní "Màmá, ẹ bá wa pò ó ká wò ó." Ẹni tó da píọ̀ wọ́tà onísẹ́ńtílítà 50 méjì síke, tó da gbogbo ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì sí i, ó yé e. Ẹni tó bu díẹ̀ sínú ife, tó ká ìyókù pamọ́, kò yé e, ì báà wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ kọ ibi tó ti ṣì í sílẹ̀ àti èdè tó fi wò ó, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń gbọ́mọ nígbà tí ìyá ẹ̀ bá lọ sọ́jà, òun gan-an ni kẹ́ ẹ ní kó pò ó, kẹ́ ẹ sì bi í pé kí ló máa fi èyí tó kù ṣe lẹ́yìn wákàtí 24. Tó bá ní òun máa dà á nù, ó gbà á nìyẹn.