Ta Ló Ní Ọjọ́ 21 Ni?

Sátidé tó kọjá, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lára kàlẹ́ńdà régbérégbé wọn tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi báírò pupa sàmì sí ọjọ́ 10, ìyókù sì ṣófo. Gààrí mímu láìfi ṣúgà sí ni wọ́n fẹ́ kó mọ́ wọn lára. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n ti ibi ìkómọjáde dé, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ju kóró ṣúgà mẹ́rin sínú abọ́ kí wọ́n tó rántí. "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn," wọ́n ní. "Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ pé láìjá ni." Wọ́n bá jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ yìí, pé téèyàn bá ti ṣe nǹkan fún ọjọ́ 21 láìjá, ó ti mọ́ ọn lára nìyẹn, ti sú mi. Pé ṣúgà àpọ̀jù ò dáa, ta ni ò mọ̀? Ibi tí iye ọjọ́ náà ti wá ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn.

Maxwell Maltz, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń tún ojú àti imú èèyàn ṣe, ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1960. Ó ní, ó kéré tán, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ ẹni tó ni ín lára. Ó kéré tán! Gbólóhùn yẹn já bọ́ lọ́nà, ó ku 21. Ọ̀rọ̀ ojú tí èèyàn ń rí nínú dígí sì ni, kì í ṣe ti abọ́ gààrí. Mo rò pé àwẹ̀ ọjọ́ 21 tá a ti mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ ká tètè gbà á. Ṣùgbọ́n àwẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣínu.

Lọ́dún 2010, Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí tiwọn jáde. Èèyàn 96 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ 12. Kálukú mú nǹkan kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́ lásìkò kan náà, bíi kó mu omi lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó bọ́ sí àárín lo ọjọ́ 66 kí nǹkan náà tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó yára jù lo 18. Ti ẹni tó pẹ́ jù, ìṣirò ló gbé e dé 254, torí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ kò kọjá ọjọ́ 84. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ jù nìyí: ẹni tó fo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba nǹkan kan jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má sọ 66 náà di òfin. Ohun táwọn èèyàn yẹn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ìjáwọ́ sì lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń ta àgbo ọjọ́ 21 fún yín. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ọjọ́ kankan kẹ́ ẹ wá dá a dúró láìbi dókítà.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé níbo ni ṣúgà máa ń wà. Ẹ̀gbẹ́ agolo gààrí ni. A gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní láti gun àga kí ọwọ́ wọn tó tó. Wọ́n fo ọjọ́ kọkànlá, wọ́n sàmì pupa sí ọjọ́ Sátidé tí mo wá yẹn.