Ohùn lọ, orúkọ kù: bí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Journey ṣe ń kún gbọ̀ngàn ńlá

Mímọ ohun èlò lò nìkan kì í gbé ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì dé gbọ̀ngàn tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Nígbà tí Journey bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1973, Neal Schon onígìtá àti Gregg Rolie tó ń tẹ dùùrù ti bá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Santana ṣeré rí. Síbẹ̀, àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn ò tà. Rédíò ló ń ta àwo nígbà náà, àwo ló sì ń pèrò sóde eré. Orin tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀ títí kì í sì í bá rédíò lára mu.

Columbia, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, ní kí wọ́n wá olóhùn. Steve Perry dé lọ́dún 1977, nígbà tó sì di 1981, àwo wọn, Escape, gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Inú àwo yẹn ni “Don't Stop Believin'” wà. Dùùrù ló ṣí i, ohùn rọra wọlé, gìtá ń gbéra bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ègbè tó jẹ́ orúkọ orin náà ò dé àfi ìgbà tí orin ń lọ sópin. Ọgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá gan-an nìyẹn: wọ́n á fi ègbè dun èrò títí, tó bá wá dé, ẹni tó jókòó sókè téńté tí ò rí ojú olórin náà á gbè é.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀fun kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù. Ìbàdí ń dun Perry lẹ́yìn àwo 1996, kò lè rìnrìn àjò eré, ẹgbẹ́ sì mú ẹlòmíì ní 1998. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ò wá nǹkan tuntun o; orin tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fẹ́, ní ohùn tí wọ́n mọ̀. Ìdí nìyí tí arọ́pò ò fi gbọdọ̀ dárà jù. Lọ́dún 2007, Schon rí Arnel Pineda, ọmọ ilẹ̀ Philippines, lórí YouTube níbi tó ti ń kọ orin olórin, wọ́n bá ránṣẹ́ pè é.

Ọdún yẹn náà ni eré tẹlifíṣọ̀n The Sopranos fi orin 1981 yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì tún gbòde. Pineda ló ń kọ ọ́ lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n Perry, Schon àti Jonathan Cain tó ń tẹ dùùrù ni wọ́n jọ ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí náà owó ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá kì í ya Perry sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ náà mọ́.